Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Lè Sọ Pé Kò Yé Òun

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀ffà àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ń rán ọmọ wá sí Gánà kí wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ fetí sí mi. Láti Lapaz, ní Accra, ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà níbí náà, tí ẹ ń ta fóònù, tí ẹ ń ta aṣọ, tí ẹ ń kó ẹrù gba ẹnubodè Aflao wọlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìwà ìṣekúṣe àwọn ọmọ. Ìyẹn ti ní oníwàásù tó pọ̀. Ìdákẹ́ wọn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹni tí kò bá mọ Lapaz, kó bèèrè títì N1, èyí tí wọ́n fi orúkọ George Walker Bush pè, tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2012 nígbà ìjọba Ààrẹ Atta Mills. Ó tó kìlómítà 14 láti Tetteh Quarshie dé Mallam, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi là á, àárín Lapaz ló sì gbà kọjá. Ní kùtù hàì, àwọn méètì ọkọ̀ trotro ti ń pariwo "Circ! Circ!", àwọn tó ń ta waakye ti to ewé sílẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ti ń ṣí ìsọ̀ wọn. Tesano kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Ghana Communication Technology University wà, ilé ẹ̀kọ́ tí iléeṣẹ́ Ghana Telecom dá sílẹ̀ ní 2005, tó wá di yunifásítì ìjọba pẹ̀lú òfin ọdún 2020. Ìdí nìyẹn tí Lapaz àti Abeka tó múlé tì í fi kún fún yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Àwọn míì ń ti ibí lọ sí yunifásítì tó wà ní Legon. Àwọn míì kàn ń wọ̀ sọ́dọ̀ ará ilé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí yunifásítì KNUST ní Kumasi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹnjiníà láti 1952.

A mọ ohun tó ń lé wọn wá. Ní 2013, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì nílé, ju oṣù márùn-ún lọ. Ní 2020, ó gba oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn kíláàsì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó ṣí i. Òbí tó bá ń wo ọmọ rẹ̀ nínú pálọ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tí ọmọ ń sùn lọ́sàn-án tó ń jí lálẹ́, mi ò lè bá a wí pé ó wá ibòmíì gbà. Gánà súnmọ́lé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, a kì í béèrè físà lọ́wọ́ ara wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbà tí ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyanṣẹ́lódì kò tíì sọ ọ́ di ẹnjiníà. Ọdún àkọ́kọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀, ọdún náà sì le.

Ọmọkùnrin kan wá háyà yàrá nínú ilé tó kọjú sí tiwa. Ọmọ tó mọ ènìyàn kí ni. Gbalaja ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, títí mo fi ní kó máa tẹ orí ba lásán, ilẹ̀ ibẹ̀ dọ̀tí. Bàbá rẹ̀ nílé ti ń jẹ́ Bàbá Ẹnjiníà láti ọjọ́ tí ìwé ìgbàwọlé ti dé. Ìyá rẹ̀ ti jó lọ síwájú pẹpẹ dúpẹ́. Láràárọ̀, yóò gbé báàgì kọ́, yóò fi T-square ìyàwòrán rẹ̀ há abíyá, yóò ní, "Bàbá, mo ń lọ o." Ní ìrọ̀lẹ́ yóò padà dé, gbogbo àdúgbò yóò sì máa yìn ín. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ọ̀rá tí wọ́n fi wé T-square yẹn ní ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á kò tíì kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sáà kejì ti ń parí lọ. Láti ìgbà tí èsì ìdánwò sáà àkọ́kọ́ ti jáde lọmọ náà kò ti dé kíláàsì mọ́. Ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló ń jókòó sí ṣúlẹ̀. Nígbà tí mo fà á jókòó, kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Bàbá, kò yé mi mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì." Mo ní kí ló dé tí kò sọ nílé. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, Bàbá?"

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo gbé síwájú gbogbo yín. Ta ni ó fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá á pè: "Ṣé ò ń kàwé dáadáa?" Ọmọ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ìdáhùn mìíràn wo ló wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ìyá á gba fóònù, á bẹ̀rẹ̀ àdúrà: o ò ní fìdí rẹmi, àwọn tó ń retí ìṣubú rẹ ni yóò ṣubú, orí ni wàá máa jẹ́, o ò ní jẹ́ ìrù. Ọmọ tó gba F lánàá, tó sì gbé fóònù sétí, ṣé ó máa dá ìyá rẹ̀ dúró láàárín àdúrà ni kó ní ẹ dákẹ́ ná, mo ti fìdí rẹmi? Àmín ló máa ṣe. Tó bá ti ṣe àmín náà tán, ó ti purọ́ nìyẹn, irọ́ kejì kò sì ní le fún un mọ́. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà fún ọmọ. Èmi náà ń gbà á. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: "Èwo ni kò yé ọ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ béèrè rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ohun tí kò yé kò ní ṣàì sí. Bí bàbá kò tiẹ̀ gbọ́ ìdajì nínú ìdáhùn náà, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ yóò mọ́ra láti máa sọ òtítọ́ kékeré, òtítọ́ ńlá kò sì ní há a lọ́fun lọ́jọ́ tó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ ń yẹ̀, nítorí mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ léraléra. WAEC kan náà ló ń ṣèdánwò fún Gánà àti Nàìjíríà. Accra níbí gan-an ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìṣirò táwọn ọmọ ń ṣe kò rí bákan náà. Ọmọ Gánà tó ń lọ sí ìdí sáyẹ́ǹsì ń ṣe Core Mathematics pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, á tún ṣe Elective Mathematics lé e lórí, èyí ni àwọn ẹ̀ka ẹnjiníà sì ń béèrè. Nílé wa, Further Mathematics ló súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ rẹ̀ rárá sì pọ̀ jọjọ. Ọmọ yín á gba A1 nínú Mathematics, ẹ ó pa adìyẹ. Á dé Gánà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ á kọ limit sójú pátákó, á kọ derivative, á béèrè bóyá ẹ rántí, gbogbo kíláàsì á mi orí. Ọmọ yín á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rò pé òun lòpè ibẹ̀. Kò mọ̀ pé ohun táwọn yòókù ń rántí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀lọ rẹ̀ pé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n gbà dé kíláàsì kan náà ni. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀ fún un, ẹ wo ìwé èsì rẹ̀ dáadáa. Bí Further Mathematics kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fi oṣù tó wà láàárín ìwé ìgbàwọlé àti ìwọlé ṣe ayẹyẹ. Ẹ wá olùkọ́ fún un nílé: functions, trigonometry, differentiation, matrix, vector. Owó olùkọ́ yẹn kò ní tó ìdá mẹ́wàá owó ilé ẹ̀kọ́ tí yóò bá a ṣòfò.

Mo ní kí ẹ tètè ṣe é nítorí pé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń kọ́ ìtàn lè má gbọ́ ogun Kírìjì kó sì gbọ́ ogun Jálumi. Níhìn-ín, ẹni tí kò gbọ́ differentiation kò ní gbọ́ integration, ẹni tí kò bá sì gbọ́ méjèèjì kò ní mọ ibi tí yóò ti di differential equation ọdún kejì mú, orí ìyẹn sì ni ìmọ̀ nípa iná mànàmáná jókòó lé. Máàkì náà kò sì ní gbàgbé. Ní KNUST, CWA ni wọ́n ń lò, ìpíndọ́gba gbogbo máàkì láti ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gba 45 ní ọdún àkọ́kọ́, tó fẹ́ fi 60 jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó ní láti máa gba 65 ní ọdún kọ̀ọ̀kan tó kù, iṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìṣirò yìí kò ṣòro. Ẹ bá ọmọ yín ṣe é kó tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì bá jáde.

Èmi fúnra mi kò lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, orí àkàbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ ní tiwọn, torí a ní ẹ̀rọ amúnáwá. Ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Mo bi í pé kí ni. Ó ní wọ́n fi àkàbà ti ògiri, ọkùnrin kan ń gùn ún, kí òun sọ bóyá àkàbà yóò yọ̀. Mo wo ìwé rẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà kún un dẹ́nu, kò ya àwòrán kankan. Mo ní kó gbé ìwé sílẹ̀. Mo gbé àkàbà mi ti ògiri, mo ní kó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Kí ló ń gbé àkàbà yìí ró?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ògiri ńkọ́?"

"Ògiri ń tì í padà sọ́dọ̀ wa."

"Kí ni kò wá jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sá jáde?"

Ó dákẹ́. Mo bu omi ọṣẹ tí ìyàwó mi fi fọ abọ́, mo dà á sí ìdí àkàbà lórí táìlì, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í. Àkàbà yọ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ náà pariwo: "Friction! Friction ni, Bàbá, mi ò fi síbẹ̀!" Ó fa ìwé rẹ̀, ó ya àkàbà, ó ya ọfà: ìwúwo àkàbà àti ti ọkùnrin náà wá sílẹ̀, ilẹ̀ ń tì í lọ sókè, ògiri ń tì í jáde, friction ní ìdí rẹ̀ kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ló mọ bó ṣe ṣe ìṣirò tó kù, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ló fi ààbọ̀ wákàtí nu ilẹ̀, ó sì jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ọmọ náà sọ tẹ̀lé e. Ó ní òun ti ń ṣe irú ìbéèrè yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wíwò ni òun ń wo ìdáhùn inú pasco kí òun tó dà á kọ. Pasco ni wọ́n ń pe ìwé ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ níbí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ní in nínú fóònù. Pasco kò burú fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ tó fẹ́ dán ara rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi kọ́ iṣẹ́, ọjọ́ tí olùkọ́ bá yí àkàbà padà ni àṣírí máa tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ChatGPT tí wọ́n ń bi léèrè báyìí. Ó máa dáhùn, ìdáhùn náà sì lè pé, kò kàn ní bá wọn wọ yàrá ìdánwò ni. Bí ọmọ bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ ya àwòrán tirẹ̀, kó kọ ìdáhùn tirẹ̀, kó tó bi í pé níbo ni mo ti ṣì í.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Àwọn bàbá wa kì í rán ọmọ wá sí ilẹ̀ yìí bí àwa ti ń ṣe. Kó tó di pé ìjọba Busia ti Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Yorùbá kún ọjà Gánà láti Accra dé Tamale. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìgbẹ́tì, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ọ̀ffà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ń bọ̀ láti ilé, ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n ń fi í lé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, tàbí ọmọ ìyá ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni náà ni yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń na ọjà, ẹni tí wọ́n ń tà á ní àwìn fún, èdè tí wọ́n fi ń pe oníbàárà. Bó bá ṣì owó kà lálẹ́, ẹni náà á rí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ọjà ẹnu pẹpẹ ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ọmọ dá a ṣe. Àwa wá gbé ẹ̀kọ́ tó le jù èyí lọ lé ọmọ ọdún 17 lórí, a fi káàdì báńkì sí i lápò, a ní Olúwa yóò ṣọ́ ọ.

Kódà Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó kúrò l'Ékòó ní 1890 lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò dá wà. Ní Plymouth, abẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bellamy ló ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀nlẹ̀ àti iṣẹ́ omi fún ìlú náà. Ó ní ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ta ló ń wo ọwọ́ ọmọ yín ní Lapaz?

Ẹ̀yin òbí náà sì ń dákẹ́, kì í ṣe ọmọ nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Gánà sì fi ń ka owó ilé ẹ̀kọ́ fún àjèjì. Ọ̀pọ̀ bàbá rí i pé apá òun kò ká a mọ́, wọ́n bo ọ̀rọ̀ mọ́nú nítorí kí ọkàn ọmọ má bàa dàrú. Ọmọ ń pè, wọn ò gbé e. Ọmọ ń rò pé wọ́n ti gbọ́ nípa èsì òun, òun náà dákẹ́. Bàbá bo tirẹ̀, ọmọ bo tirẹ̀, owó ìdánwò sì ti pẹ́. Bí owó kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí. Yunifásítì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣètò sísan díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lọ bá wọn ṣáájú ìdánwò ni wọ́n máa ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìgbélùú, mi ò ní fa á gùn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba dìgírì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó lọ kàwé níbẹ̀ tọkàntọkàn jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wò ó bóyá Ghana Tertiary Education Commission fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ sì wò ó bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ wọ̀, torí wọ́n lè fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n má fọwọ́ sí ẹ̀ka. Ọdún mẹ́rin ni ẹnjiníà níbí, márùn-ún ni nílé. Ẹni tó bá ní lọ́kàn láti padà wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kó ti béèrè lọ́wọ́ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀, nísinsìnyí ohun tí wọn yóò gbà. Òfin ECOWAS fún ọmọ ní ọjọ́ 90 láti wà láìgba físà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó lọ gba ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá rí i lójú títì láìní ìwé lọ́wọ́.

Ẹ sì ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa sakawa. Ẹ ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì fa ọmọ yín lọ. Ó wà o, mi ò ní purọ́. Lapaz ní ilé tí àwọn ọmọkùnrin ń sùn lọ́sàn-án níbẹ̀, tí fèrèsé wọn kì í ṣí. Ṣùgbọ́n mo ti fara balẹ̀ wo irú ọmọ tí wọ́n ń rí mú. Ọmọ tó ń lọ sí kíláàsì kò ní àyè fún wọn. Ìwé kò jẹ́ kó rójú. Ẹni tí kò lọ sí kíláàsì mọ́, tí kò lè sọ nílé, tí owó oúnjẹ rẹ̀ ń tán, tó ń jókòó ṣúlẹ̀ ní ìsọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, òun ni wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín. Wọn ò ní bi í pé F mélòó ló gbà. Àwọn nìkan ni kò bi í, ibẹ̀ ni agbára wọn sì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà níbí náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n a ti wà lọ́jà Lapaz yìí tipẹ́, orí wọ́ lójú wa. A mọ iye tí dọ́là jẹ́ ní àárọ̀, a kò mọ ọmọ tó wà nínú yàrá kejì. Àwọn ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí àti ìsìnkú ló ń gba wákàtí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká yọ wákàtí kan. Àwọn ọmọ wa tó ti dé ọdún kẹta, tí wọ́n ti la ibi tó le kọjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe ìṣirò lórí pátákó gbọ̀ngàn ìpàdé. A ó ra waakye àti ẹyin fún wọn, wọ́n á wá. Ẹni tó ní ilé, bó bá rí akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, kó kan ilẹ̀kùn. Kó má lọ bí ọlọ́pàá. Kó gbé omi tútù dání, kó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí kíláàsì lónìí?" Bó bá purọ́ lónìí, kó tún kàn án lọ́la. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bá àwọn ọmọ Gánà ṣọ̀rẹ́. Àwa la kọ́ wọn ní ìfura, a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀. Ọmọ Gánà tó ṣe Elective Mathematics ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì. Bí kò bá lè bi ìyẹn léèrè, ta ni yóò bi? Ọmọ tó bá gbọ́ Twi díẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ni, kì í pẹ́ kí wọ́n tó pè é wá sínú ẹgbẹ́ tó ń kàwé pọ̀.

Ó wá ku ìwọ ọmọ, ìwọ tí èsì rẹ ti jáde, tí o sì ń ka ìkìlọ̀ yìí lórí fóònù kan náà tí o fi ń parọ́ fún ìyá rẹ. Iṣẹ́ tí o fìdí rẹmi nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní carry-over nílé, trail ni wọ́n ń pè é ní Kumasi. Orúkọ yòówù kó jẹ́, ìwọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ní in, àwọn tó ti ní in rí sì wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Lọ bá olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní wákàtí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Má sọ fún un pé kó ràn ọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti sú wọn. Mú ìwé rẹ dání, fi ìlà tí o dé kí ọ̀rọ̀ tó dojú rú hàn án. Bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún ìdánwò náà ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀. Ya ọ̀rá kúrò lára T-square rẹ. Lẹ́yìn náà, pe ilé lónìí, kó tó di ọ̀la. Sọ iye F tó jẹ́, má yọ ọ̀kan kúrò, kí o sì sọ ohun tí o ti ṣe nípa rẹ̀ láti àárọ̀. Bí bàbá rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, má bá a jiyàn. Sọ pé, "Ẹ má bínú, sà," gbé fóònù sílẹ̀, kí o sì tún pè é padà lẹ́yìn tó bá ti jẹun alẹ́.